Ta Ni Ó Ń Bójú Tó Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìlú Abuja?

 

Ẹni tó bá ń ka ojúewé Ìròyìn Ẹbí nínú ìwé wa yìí yóò ti rí i pé ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n níbẹ̀ mọ́: ọgbà ìgbafẹ́. Bí ìkómọ bá wáyé, wọn a ní lẹ́yìn àdúrà àwọn àlejò yà sí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Garki. Bí ìyá àgbà bá pé ẹni 70 ọdún, ọgbà ìgbafẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ pe ènìyàn sí. Kò yà wá lẹ́nu. Ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé níhìn-ín kò ní àgbàlá. Yàrá méjì tàbí mẹ́ta ni, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onílé kò sì fẹ́ gbọ́ pé a ta àtíbàbà sí ẹnu ọ̀nà òun.

Ṣùgbọ́n ìkùnsínú ń bá ìròyìn ayọ̀ wọ̀nyí rìn. Láìpẹ́ yìí, ìdílé kan nínú Ẹgbẹ́ wa kó ọmọ mẹ́rin lọ sí ọgbà kan láàárín ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Wọ́n gbé oúnjẹ àti omi dání láti ilé, wọ́n tẹ́ ẹní sí abẹ́ igi. Wọn kò tíì jókòó pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi dé, tó ní kí wọ́n ra nǹkan tàbí kí wọ́n dìde. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ má bínú, Mà, ọ̀gá wa ló ní bẹ́ẹ̀." Ìyá àwọn ọmọ náà bi í pé ta ni ó ni ilẹ̀ yìí. Ó ní ọ̀gá òun ni. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. A kò ní dárúkọ ọgbà náà, nítorí a ti gbọ́ irú rẹ̀ láti ẹnu ju ènìyàn kan lọ. Ìbéèrè ìyá yẹn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ta ni ó ni ilẹ̀? Ta ni ó ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó? Bí nǹkan kò bá sì dára, ẹjọ́ ta ni a ó rò fún?

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ní ẹnu àwa Yorùbá, páàkì kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin ni. Ìyá àgbà kan tó wá láti Ọ̀ffà fún ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé ní "páàkì Jabi" ni àpèjẹ wà. Bí ó ti gbọ́ ọ ni ó ṣe sọ ọ́ fún onítakisí, ni onítakisí bá gbé e lọ sí páàkì ọkọ̀ Jabi, níbi tí àwọn agbèrò ti ń fà á lọ́wọ́ pé ṣé Èkó ni Màmá ń lọ àbí Benin. Kí wọ́n tó rí i mú dé ọgbà tó wà ní etí adágún omi Jabi, wọ́n ti pín ìrẹsì tán. Nítorí náà, ọgbà ìgbafẹ́ ni a ó máa pè é nínú ìwé yìí, kí a má baà tún sọ ìyá ẹlòmíràn nù.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìlú Yorùbá wo ni kò ní ojúde ọba, ojúde wo ni kò sì ní igi odán? Abẹ́ odán ni àwọn àgbà ti ń ta ayò lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá lálẹ́. Kò sí ẹni tó ń sanwó kí ó tó jókòó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibẹ̀ kò ní alábòójútó. Agbo ilé tó sún mọ́ ọn ni ó ń gbá a láàárọ̀. Ẹni tó bá gé ẹ̀ka odán láìgbàṣẹ yóò gbọ́ ìpè láti ààfin. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ti ògiri ilé rẹ̀ jáde sí ojúde, àwọn ìjòyè yóò ti dé ibẹ̀ kí ó tó mọ ipele kejì. Gbogbo ìlú ni ó mọ ẹni tí a ń fi ẹjọ́ sùn. Ní Abuja, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣòro gan-an nìyẹn.

Ilẹ̀ Abuja kò rí bí ilẹ̀ ìlú mìíràn ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed yan ìgbìmọ̀ kan pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akinola Aguda, ni alága wọn. Tai Solarin náà wà lára wọn. Wọ́n ní ó yẹ kí ó kúrò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, Òfin Kẹfà ọdún náà jáde, ó sì sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú ààlà olú-ìlú tuntun di ti Ìjọba Àpapọ̀ pátápátá. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ti ń dáko níhìn-ín kí àwa tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni òfin náà kọ́kọ́ kàn. Wọ́n kó àwọn mìíràn nínú wọn kúrò ní ibi tí ìlú wà lónìí lọ sí Kubwa. Ó dára kí àwa àlejò máa rántí èyí nígbà tí a bá ń la ohùn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ohun tí òfin náà túmọ̀ sí fún wa ni pé kò sí oníṣòwò kankan tó ni ọgbà ìgbafẹ́ ní Abuja. Ọ̀gá tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń sọ kì í ṣe onílẹ̀. Wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un láti lò ni, wọ́n sì fi àdéhùn dè é.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n para pọ̀ ní orúkọ International Planning Associates, ni wọ́n ya àwòrán ìlú náà. Iṣẹ́ wọn parí ní ọdún 1979, òun sì ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Master Plan títí di òní. Ohun tó wù wá nínú rẹ̀ ni pé wọn kò fi ọgbà ìgbafẹ́ dí àlàfo lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ilẹ̀ ilé tán. Òkè àpáta àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn la ìlú já ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní kí ẹ̀bá odò wà ní ewéko, kí ilẹ̀ ewéko so àdúgbò kan mọ́ èkejì, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní ibi ìṣeré tirẹ̀ tí ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Lórí ìwé, kò sí ìlú tó tún dára tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba ṣí kúrò ní Èkó wá síbí. Àwọn ènìyàn tẹ̀lé e bí omi. Ẹni tó bá ti gbé Abuja pẹ́ mọ bí ilẹ̀ ewéko ṣe ń parẹ́. Ẹnìkan á kọ́kọ́ fi wáyà yí i ká pé òun fẹ́ gbin òdòdó. Lẹ́yìn náà, á gbé àpótí onírin kan síbẹ̀ pé ibẹ̀ ni olùṣọ́ ń sùn. Àpótí náà á bí ìsọ̀, ìsọ̀ á bí ilé alábúlọ́ọ̀kù, kí ọdún mẹ́ta sì tó pé, ẹni tó bá ní ilẹ̀ ìgbafẹ́ ni ibẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ yóò dà bí ẹni tó ń purọ́.

Nígbà tí Nasir El-Rufai di Mínísítà Abuja ní ọdún 2003, ó gbé àwòrán 1979 jáde, ó sì ń fi katakata wó ohun tó bá tako ó. Títí tó fi kúrò ní ọdún 2007, ilé olówó lọ, ilé tálákà lọ. Àwọn mìíràn nínú Ẹgbẹ́ wa pàdánù ilé àti ìsọ̀ nígbà náà, wọn kò sì tíì dárí jì í. A kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé àkókò rẹ̀ ni ètò ọgbà ìgbafẹ́ tí à ń rí lónìí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ètò náà rí báyìí. Ìlú ní àjọ kan tó ń jẹ́ Abuja Metropolitan Management Council, tí wọ́n ń gé kúrú sí AMMC. Lábẹ́ rẹ̀ ni Ẹ̀ka Ọgbà àti Ìgbafẹ́ wà, Mínísítà sì ni olórí gbogbo wọn. Ìjọba kò ní owó láti fi dá gbogbo ọgbà náà ṣe, nítorí náà ó yọ̀ǹda ọ̀pọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Oníṣòwò ni yóò gbin koríko, yóò bomi rin ín, yóò gbé àga àti jangirọ́fà ọmọdé síbẹ̀, yóò sanwó fún olùṣọ́, yóò sì máa san owó fún ìjọba. Oúnjẹ àti ohun mímu tó ń tà ni yóò fi rí owó rẹ̀ padà. Ewéko àti igi ni ó gbọ́dọ̀ gba ibi tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà. Kò gbọ́dọ̀ kọ́ ilé gidi síbẹ̀ bí ẹni pé ogún bàbá rẹ̀ ni. Bí ó bá rú àdéhùn, àwọn òṣìṣẹ́ lè tì í pa, wọ́n lè wó ohun tó kọ́, wọ́n sì lè gba ilẹ̀ padà.

A kò ní sọ pé ètò náà burú. Ọ̀pọ̀ ibi tí à ń jókòó sí lónìí, tí koríko rẹ̀ tutù ní oṣù Kẹta tí oòrùn ń mú bí iná, owó oníṣòwò ni ó sọ ọ́ dì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí iye omi tí koríko ń mu ní Abuja láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré. Tí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, ó ṣeé ṣe kí eruku ni à bá máa tẹ́ ẹní sí.

Ibi tí ètò náà ti ṣẹ́ ni èyí: ohun tí ojú òṣìṣẹ́ lè rí ni wọ́n ń bójú tó. Búlọ́ọ̀kù ṣeé rí. Igi tí a gé ṣeé kà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ṣeé gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n lé dìde kò fi àmì sílẹ̀ lórí koríko. A ti gbọ́ pé wọ́n ti ọgbà pa nítorí ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, a sì ti gbọ́ pé wọ́n tì í nítorí pé ó ṣí di òru. A kò tíì gbọ́ rí pé wọ́n ti ọ̀kan pa nítorí pé ó kọ̀ fún ìyá ọlọ́mọ láti jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì sí pátákó ní ẹnu ọ̀nà èyíkéyìí tí àwa ti dé tó sọ ohun tí ẹni tí kò ra nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ sí, tàbí tó sọ ẹni tí yóò pè.

Ọ̀rọ̀ aago ìtìlẹ̀kùn fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa. Ní ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin pé kí ọgbà ìgbafẹ́ máa tì ní aago 7 alẹ́. Wọ́n ní àwọn jàǹdùkú ń sá pamọ́ síbẹ̀, wọ́n ní ọgbà ti di ilé ọtí. Àwọn ìyá wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè mú ọmọ lọ sí ibi tí bíà àti ariwo orin ti gba gbogbo rẹ̀ láti ọ̀sán. Ṣùgbọ́n arábìnrin kan dìde, ẹni tó ń yan ẹja nínú ọ̀kan nínú àwọn ọgbà náà, ó ní: "Aago mélòó ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yín ń kúrò níbi iṣẹ́? Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, aago mẹ́fà ti kọjá. Ẹja gba wákàtí kan lórí iná. Ṣé kí n máa tà á fún àwọn tó ń bọ̀ wá tì mí ni?" Ẹ̀rín pa àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà nínú ẹja yẹn.

Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ló jàre. Òfin kan náà kò lè bá ọgbà tó wà láàárín ilé àwọn ènìyàn mu, kí ó sì tún bá èyí tó wà ní etí títì ńlá láàárín ilé-iṣẹ́ mu. Èyí àkọ́kọ́ yẹ kí ó tì ní kùtùkùtù. Èkejì, bí iná bá wà tí olùṣọ́ sì wà, kí ni aago 7 fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹni tó ń gbé ìtòsí ni ó mọ ìyàtọ̀, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

Ọgbà kan wà tí kò jọ èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún ẹlẹ́ja. Millennium Park ni, ní Maitama, òun sì ni ó tóbi jù ní ìlú. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2003, nígbà tó wá fún ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ará Ítálì kan, Manfredi Nicoletti, ló ya àwòrán rẹ̀. Odò kan là á já. Wọ́n fi apá kan sílẹ̀ bí igbó ṣe rí, wọ́n sì to apá kejì lọ́nà títọ́ tinrin pẹ̀lú òkúta funfun àti omi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé wa ń lọ lọ́jọ́ ọdún Iléyá àti lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, tí ẹní á fi bo ilẹ̀ lọ súà. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kí ó sì lọ ní àárọ̀.

Nítòsí ibẹ̀ ni Unity Fountain wà, níbi tí gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ọdún 2014. Nígbà tí wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Chibok gbé ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ibẹ̀ ni Oby Ezekwesili àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń péjọ sí lójoojúmọ́ láti béèrè wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá Abuja kéde pé òun ti fi òfin de ìpéjọ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí olú-iṣẹ́ ọlọ́pàá fi sọ pé kò sí òfin tó de ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá náà sì ń bá ìjókòó wọn lọ. A mú èyí wá kí a lè rí i pé ọ̀rọ̀ ibi ìgbafẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ jangirọ́fà nìkan. Ibi tí ènìyàn ti lè jókòó láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ náà ni ó ti lè sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ọdún 1999, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n to iṣẹ́ kánsù ìbílẹ̀ sí, ẹsẹ kan nínú rẹ̀ sì fi ọgbà ìgbafẹ́, ọgbà òdòdó àti ilẹ̀ gbangba sí àárín ohun tí kánsù yóò máa ṣe, tí yóò sì máa tọ́jú, pẹ̀lú òpópónà, iná ojú pópó àti gọ́tà, níwọ̀n bí àwọn aṣòfin bá ṣe là á sílẹ̀. Abuja ní kánsù mẹ́fà: Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, àti ti àárín ìlú tí à ń pè ní AMAC. Àwa ni a ń dìbò yan alága àti kánsẹ́lọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ìlú, Ẹ̀ka tó wà lábẹ́ Mínísítà ni ó mú ọgbà ìgbafẹ́ lọ́wọ́, Ààrẹ ni ó sì ń yan Mínísítà. Abuja kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ ni ó ń ṣòfin fún un.

Ẹ wò ó dáradára. Ẹni tí a dìbò fún, tó ń wá kí wa ní ìpàdé tó ń bẹ̀ wá, kò ní agbára lórí ọgbà náà. Ẹni tó ní agbára náà kò nílò ìbò wa. Ibi tí ẹjọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ń jábọ́ sí nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ń ṣe é báyìí. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọgbà àti igi nìkan, LASPARK, ẹni tó sì ń yan gómìnà níbẹ̀ ni ará Èkó fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Minneapolis ti ní ìgbìmọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ tirẹ̀ láti ọdún 1883, ó dá dúró lọ́tọ̀ sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, ìlú ni ó sì ń dìbò yàn wọ́n. Níbẹ̀, ẹni tó bá lé ọmọ rẹ dìde lórí koríko, ìwọ náà lè lé ọ̀gá rẹ̀ dìde lórí àga. A kò sọ pé kí Abuja dà bí Minneapolis lọ́la. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Pápá ìṣeré ńlá tún yàtọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́ fún Eré Ìdárayá Gbogbo Áfíríkà ọdún 2003, tí wọ́n sì fi orúkọ Moshood Abiola pè ní ọdún 2019, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó wà, kì í ṣe ọwọ́ Ẹ̀ka Ọgbà. Koríko rẹ̀ bàjẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí Aliko Dangote tó fi owó tún un ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi pápá náà ṣe ìdíje ọ̀dọ́ kò gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ibi kan náà tí ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ ní Jabi ń kọ̀wé sí. Ẹgbẹ́ wa ti pàdánù oṣù méjì rí nítorí irú àṣìmú bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ ewéko tún ní iṣẹ́ kan tí kì í ṣe eré rárá. Omi òjò ni ó ń gbà. Àwọn tó ya àwòrán ìlú kò fi ẹ̀bá odò sílẹ̀ nítorí ẹwà nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, omi tún ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní Trademore ní Lugbe, bí ó ti ṣe ní ọdún mélòó kan ṣáájú. Ẹ̀mí ti bá omi lọ níbẹ̀ rí. Àwọn ará wa wà lára àwọn tó gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì lóru. Ojú ọ̀nà omi ni wọ́n kọ́lé sí. Bí òṣìṣẹ́ bá gbójú kúrò lára ilé kan ṣoṣo ní etí odò, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò sanwó rẹ̀.

Títí di ìsinsìnyí, àárín ìlú ni a ń sọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń gbé Maitama? Ní Nyanya, ní Karu, ní Kubwa, ní Lugbe, níbi tí orúkọ tó pọ̀ jù nínú ìwé Ẹgbẹ́ wa wà, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà fún gbogbo ènìyàn kò tó nǹkan. Ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tíì kọ́. Wọ́n á fi òkúta méjì ṣe ojú ilé bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbá a fún ọdún méjì mẹ́ta, àwọn àgbà àdúgbò á máa wòran láti orí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ á da iyanrìn sí àárín pápá. Ọmọ ọdún 12 kan ní Kubwa sọ fún wa pé pápá kẹta nìyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun pàdánù. Nísinsìnyí wọ́n ń gbá a ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ó fi àpá ojúgun rẹ̀ hàn wá, níbi tí ọ̀kadà ti gbá a. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rù kì í jẹ́ kí òun sùn ọ̀sán mọ́ ní ọjọ́ Sátidé.

Ohun tó ń dùn wá jù ni èyí. Ìjà tó wà láàárín ìlú ni bí wọ́n ṣe ń lo ọgbà. Ìjà tó wà ní àdúgbò tiwa ni pé kò tíì sí ọgbà láti jà sí. Kò sì sí bí oníṣòwò ṣe máa wá fi koríko ṣe ilẹ̀ ní Nyanya bí kò bá rí ẹni tí yóò ra ẹja olówó ńlá. Ibẹ̀ ni ìjọba fúnra rẹ̀, tàbí kánsù, gbọ́dọ̀ ti fi owó sílẹ̀.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ ti ń kọ ìwé méjì. Èkíní ń lọ sí Ẹ̀ka Ọgbà àti Ìgbafẹ́. A ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ọgbà, ní èdè tí ará ìlú gbọ́, ibi tí ènìyàn lè jókòó sí láìra nǹkan, aago tí ọgbà ń tì, àti nọ́ńbà tí a ó pè. Èkejì ń lọ sí ọ̀dọ̀ alága kánsù AMAC àti ti Bwari, pé kí wọ́n ya ilẹ̀ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan fún eré ọmọdé, kí wọ́n sì fi òpó símẹ́ńtì sàmì sí i kí iyanrìn tó dé. A ti bá àwọn ẹgbẹ́ Gbagyi ní àdúgbò méjì sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè bá wa fọwọ́ sí èkejì yìí, nítorí àwọn ọmọ wọn àti àwọn ọmọ wa ni wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n gbà.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré sí ní àdúgbò rẹ̀, kí ó kọ orúkọ àdúgbò náà àti ohun tó wà ní ìtòsí rẹ̀, ilé-ìwé ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́sáláṣí ni o, kí ó sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Ẹni tí wọ́n bá lé dìde nínú ọgbà èyíkéyìí, kí ó kọ ọjọ́ àti aago. Ìwé méjèèjì yóò wà lórí tábìlì ní ìpàdé náà fún ìfọwọ́sí. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò mọ̀ọ́kọ, ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ yóò bá yín kọ ọ́.